Ìwọlé LDAP lórí Debian: ẹ mọ package tí ẹ ń fi sí i, kí ẹ sì mọ èyí tó gbára lé

Kí ẹ tó fọwọ́ kan package (àpò ètò tí a ń fi sórí kọ̀ǹpútà) kankan tó jẹ mọ́ ìwọlé, ẹ ṣí tẹ́mínà méjì. Ẹ di root, ọ̀gá tó láṣẹ lórí ohun gbogbo, nínú ọ̀kan, kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má sì tì í títí iṣẹ́ á fi parí. Ẹni tó ti wà nínú ilé kò nílò kọ́kọ́rọ́: bí ẹ bá ṣèèṣì ba ìlẹ̀kùn jẹ́ láti inú tẹ́mínà kejì, ti àkọ́kọ́ ni ẹ ó fi tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ rí i dájú pé orúkọ ìwọlé kan, ó kéré tán, wà nínú `/etc/passwd` kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀, tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀, tó lè lo sudo, tí kò sì sí rárá nínú LDAP, ìwé orúkọ tó wà lórí sáfà tí àwọn kọ̀ǹpútà ń wádìí òǹlò nínú rẹ̀. Ẹ jáde, ẹ fi orúkọ yẹn wọlé lẹ́ẹ̀kan, kí ojú yín lè rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé òun nìkan ló ti yọ mí nínú ewu.

Yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ kan n'Íbàdàn ni mò ń bójú tó. Kọ̀ǹpútà 30 ló wà níbẹ̀, Debian 12 ni gbogbo wọn ń lò, orúkọ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ sì wà lórí sáfà LDAP kan ṣoṣo. Ọmọ kan lè jókòó sídìí èyíkéyìí nínú wọn, kó tẹ orúkọ rẹ̀, kó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Sáfà náà kì í yọ mí lẹ́nu. Àwọn package tó wà lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ń dá wàhálà sílẹ̀: èyí tó bá òmíràn wọlé láìjẹ́ pé a pè é, èyí tó yẹ kó wà tí kò sí, èyí tó bá òmíràn jáde. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú kúrò níbí kò ju ọ̀kan lọ: ẹ má jẹ́ kí apt, ètò tó ń fi package sí i tó sì ń yọ wọ́n lórí Debian, bá yín yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ yan án fúnra yín, kí ẹ sì mọ ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi wà níbẹ̀.

Ìbéèrè méjì, òṣìṣẹ́ mẹ́ta

Nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ wọlé, Linux máa ń béèrè ohun méjì. Àkọ́kọ́: ta ni ọ́? Ìkejì: ṣé ìwọ ni lóòótọ́?

NSS ló ń dáhùn àkọ́kọ́. Fáìlì tó wà lórí díìsìkì kò mọ Àdùnní. Nọ́ńbà 10042 ló mọ̀. Nígbà tí ẹ bá tẹ `ls -l`, NSS ló ń lọ wádìí ẹni tó ń jẹ́ 10042, inú `/etc/nsswitch.conf` ló sì ti ń ka ibi tí yóò ti béèrè. PAM ló ń dáhùn ìkejì. Òun ló ń gba ọ̀rọ̀ aṣínà, tó ń sọ bóyá ó bára mu, tó sì ń pinnu bóyá ẹni náà lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé sórí kọ̀ǹpútà yìí. Àwọn fáìlì tirẹ̀ wà nínú `/etc/pam.d/`.

Àwọn méjèèjì yìí kì í lọ bá sáfà fúnra wọn mọ́. Ètò kẹta kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń rán. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ dára ní mímọ̀. Láyé àtijọ́, libnss-ldap tó wá láti ilé iṣẹ́ PADL ni à ń lò, gbogbo ètò tó bá fẹ́ mọ orúkọ ènìyàn ló sì ń ṣí ọ̀nà tirẹ̀ sọ́dọ̀ sáfà: `ls` ń ṣí i, `cron` ń ṣí i, `sshd` ń ṣí i. Kódà udev, tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò tíì sí, máa ń lọ béèrè ẹgbẹ́ tí kò sí nínú `/etc/group`, kọ̀ǹpútà á sì dúró pa síbẹ̀. Arthur de Jong wá gbé nss-pam-ldapd jáde, ó kó gbogbo ìrìn àjò náà fún ètò kan ṣoṣo tó ń jẹ́ nslcd. SSSD, tó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Fedora àti Red Hat, ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì fi ìpamọ́ kún un.

Ìtàn yìí kàn yín nítorí pé àwọn ìtọ́sọ́nà àtijọ́ ṣì kún orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá rí èyí tó ní kí ẹ fi `libnss-ldap` àti `libpam-ldap` sí i, ó ti kọjá àkókò: Debian yọ méjèèjì kúrò nínú Debian 12 tó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2023. `libnss-ldapd` àti `libpam-ldapd` ló rọ́pò wọn. Lẹ́tà d kan ṣoṣo ni ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n òun ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ yan ọ̀nà kan

Ọ̀nà méjì ló kù nílẹ̀ lórí Debian àti Ubuntu:

Ọ̀nà SSSD: `sssd-ldap`, `libnss-sss`, `libpam-sss`.

Ọ̀nà nslcd: `nslcd`, `libnss-ldapd`, `libpam-ldapd`.

SSSD ni mo yàn, mi ò sì ṣe iyèméjì rárá. Ní ibi tí iná ti lè lọ lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀, tí swíìṣì tó so yàrá pọ̀ mọ́ sáfà ń kú tí ó ń jí, ó ṣe pàtàkì kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti wọlé lánàá sórí kọ̀ǹpútà kan lè wọlé sórí rẹ̀ lónìí bí sáfà kò tilẹ̀ dáhùn. SSSD lè ṣe é. Nslcd kò ní ìpamọ́ ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀. Nslcd kéré, ó sì rọrùn láti lóye. Bí kọ̀ǹpútà yín bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sáfà tí kì í kú, kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀.

Ohun tó burú ni kí ẹ kó méjèèjì pọ̀. Ẹni tó ti fi `libpam-ldapd` sí i lọ́dún tó kọjá, tó wá fi `libpam-sss` lé e lónìí láìyọ ti àkọ́kọ́, ti fi olùṣọ́ méjì sí ẹnu ọ̀nà kan. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí ọ̀kan bá kọ̀, PAM á tún gbé e lọ sọ́dọ̀ èkejì. Ẹni tí ẹ bá ní kó má wọlé nínú ètò ọ̀kan lè gba inú èkejì kọjá. Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí lọ́dọ̀ yín báyìí:

```
dpkg -l | grep -E 'sss|ldap|nslcd|nscd'
grep -E 'pam_(sss|ldap)' /etc/pam.d/common-*
grep -E '^(passwd|group|shadow)' /etc/nsswitch.conf
```

Bí `pam_sss` àti `pam_ldap` bá jọ yọjú, ẹ yọ èyí tí ẹ kò fẹ́ kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Ẹ fi apt yọ ọ́. Ẹ má fi ọwọ́ pa fáìlì `.so` rẹ́, ẹ má sì fi `dpkg --force` yọ package lọ́nà èrú. Nígbà tí apt bá ń yọ `libpam-ldapd` bó ṣe yẹ, package náà fúnra rẹ̀ ló ń pe `pam-auth-update` láti pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́ nínú `/etc/pam.d/`. Bí ẹ bá fipá yọ ọ́, orúkọ rẹ̀ á ṣẹ́ kù síbẹ̀, PAM á máa wá olùṣọ́ tí kò sí mọ́, èyí sì lè ti gbogbo yín síta.

Ẹ wo ohun tí yóò wọlé kó tó wọlé

Apt lè ṣe bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́ láìṣe nǹkan kan. Àṣà tí mo ń gba gbogbo ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi níyànjú nìyẹn:

```
apt-get -s install sssd-ldap libnss-sss libpam-sss | grep -E '^(Inst|Remv)'
```

`Inst` ni èyí tí yóò wọlé, `Remv` ni èyí tí yóò jáde. Bí ìlà `Remv` kan bá yọ, ẹ dúró, kí ẹ mọ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó gbà. Kò sí ìdí kankan tí fífi SSSD sórí Debian 12 tó mọ́ yóò fi yọ nǹkan kúrò.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé `sssd-ldap` ni mo kọ, mi ò kọ `sssd` lásán. `sssd` fúnra rẹ̀ kò ní nǹkan nínú, ó kàn ń fa àwọn yòókù wọlé: `sssd-ad`, `sssd-ipa`, `sssd-krb5`, `sssd-ldap`, `sssd-proxy`. Ẹni tó ní sáfà LDAP lásán kò nílò ti Active Directory (ìwé orúkọ ti Microsoft), àwọn náà sì ń fa àwọn àkójọ kóòdù Samba wọlé lẹ́yìn wọn. Gbogbo package tí ẹ kò lò jẹ́ ohun tí ẹ ó máa sọ di ọ̀tun, tí ẹ ó máa fi dátà gbà wálẹ̀, tí àbùkù sì lè wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú. Debian pín ohun tí package gbára lé sí ìpele. `Depends` ni èyí tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí. `Recommends` ni èyí tí ó dára kó wà, apt sì máa ń fi í sí i fúnra rẹ̀. `Suggests` ni èyí tí wọ́n kàn dárúkọ. Ẹ wò ó:

```
apt-cache depends sssd-common
```

Ẹ ó rí i pé `libnss-sss` àti `libpam-sss` wà lábẹ́ `Recommends`. Lójú ẹni tó ṣe package náà, SSSD lè máa ṣiṣẹ́ láìsí wọn. Òótọ́ ni: yóò bẹ̀rẹ̀, yóò bá sáfà sọ̀rọ̀, `systemctl status sssd` yóò fi àwọ̀ ewé hàn yín. Ṣùgbọ́n NSS àti PAM kò ní mọ̀ pé ó wà, kò sì sí ẹnì kan nínú LDAP tí yóò lè wọlé. Àwa tí à ń ṣọ́ dátà ná máa ń fẹ́ràn `--no-install-recommends`; àwọn tó ń kọ́ àwòrán kọ̀ǹpútà fún ẹ̀dà púpọ̀ náà ń lò ó. Bí ẹ bá máa lò ó, ẹ kọ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde kedere, àti àwọn tí wọ́n nílò lẹ́yìn:

```
apt-get install --no-install-recommends \
  sssd-ldap libnss-sss libpam-sss \
  sssd-tools ldap-utils ca-certificates
```

`sssd-tools` ló ní `sssctl`, `ldap-utils` ló ní `ldapsearch`. Akẹ́kọ̀ọ́ kò nílò wọn, ẹ̀yin ló máa wá wọn lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, ọjọ́ yẹn sì lè jẹ́ ọjọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí. Bí ẹ bá fi òfin sudo sínú LDAP, ẹ fi `libsss-sudo` kún un. Package fún ṣíṣẹ̀dá ilé akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tó bá kọ́kọ́ wọlé kò pọn dandan: `pam_mkhomedir` ti bá `libpam-modules` wá.

nscd: àlejò tí ẹ kò pè

Ẹni tó bá gba ọ̀nà nslcd yóò rí i pé nscd, ètò kan tó ń pa ìdáhùn NSS mọ́ fún ìgbà díẹ̀, tẹ̀ lé e wọlé, nítorí pé nslcd dámọ̀ràn rẹ̀. Lọ́nà yẹn, ó wúlò. Lọ́nà SSSD, ìpamọ́ méjì ló máa wá wà fún orúkọ kan náà. Ẹ máa yí ẹgbẹ́ olùkọ́ kan padà lórí sáfà, ẹ máa pa ìpamọ́ SSSD rẹ́, `id` á ṣì máa sọ ti àná, nítorí pé nscd ló ń dáhùn ṣáájú. Mo ti fi odindi ọ̀sán kan wá irú àṣìṣe yìí lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti fi nslcd sí rí.

Bí ẹ bá ti pinnu pé SSSD ni, ẹ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ ṣẹ̀dá `/etc/apt/preferences.d/ko-gba-nscd`:

```
Package: nscd libpam-ldapd libnss-ldapd
Pin: release *
Pin-Priority: -1
```

Láti ìgbà náà, package yòówù tó bá fẹ́ fa ọ̀kan nínú wọn wọlé yóò pàdé ìdènà, apt yóò sì sọ fún yín. Fáìlì kékeré yìí ni mo fi ṣèdíwọ́ fún ẹni tó bá bọ́ sípò mi lọ́la, tó lè ka ìtọ́sọ́nà mìíràn kó sì da méjèèjì pọ̀.

Ẹ sọ fún apt pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ

Apt ń ṣe àkọsílẹ̀ èyí tí ẹ̀yin béèrè fún àti èyí tó bá òmíràn wá. Èyí tó bá òmíràn wá, tí kò sí ẹni tó nílò rẹ̀ mọ́, `autoremove` á kó o dànù.

Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, `sssd` lásán ni mo fi sí gbogbo kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, mo rí i pé mi ò nílò ti Active Directory, mo yọ `sssd`, mo sì tẹ `apt autoremove` láìka ohun tó kọ síwájú mi. `sssd-ldap` bá a lọ, `sssd-common` bá a lọ, `libnss-sss` àti `libpam-sss` tẹ̀ lé wọn, nítorí pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí mo fi ẹnu ara mi béèrè. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, akẹ́kọ̀ọ́ bí ogójì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ìdánwò sì kù wákàtí kan. Orúkọ tó wà nínú `/etc/passwd` ni mo fi wọlé, mo sì dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Apt kò ṣe àṣìṣe kankan. Ohun tí mo ní kó ṣe ló ṣe.

Àṣẹ yìí ìbá gbà mí:

```
apt-mark manual sssd-ldap libnss-sss libpam-sss sssd-tools
```

Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ẹni tó fa package kan wọlé lọ́dọ̀ yín:

```
apt-cache rdepends --installed nscd
```

Gbígbà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo kọ̀ǹpútà

Kò bọ́gbọ́n mu kí kọ̀ǹpútà 30 gba package kan náà wálẹ̀ nígbà 30. Lórí sáfà yín, ẹ fi `apt-cacher-ng` sí i; ojú ọ̀nà 3142 ló ń gbọ́. Lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìlà kan sínú `/etc/apt/apt.conf.d/01ipamo`:

```
Acquire::http::Proxy "http://10.0.0.5:3142";
```

Ẹni àkọ́kọ́ tó bá béèrè ló máa ná dátà. Àwọn yòókù á gba ti inú yàrá. Èrè kejì ni pé gbogbo kọ̀ǹpútà máa ń rí ẹ̀dà kan náà, ìyẹn sì ṣe pàtàkì fún SSSD ju bí ẹ ti rò lọ, bí ẹ ó ti rí níwájú.

Ìṣètò, ní ṣókí

`/etc/sssd/sssd.conf`:

```
[sssd]
services = nss, pam
domains = ileeko

[domain/ileeko]
id_provider = ldap
auth_provider = ldap
ldap_uri = ldap://ldap.ileeko.example
ldap_search_base = dc=ileeko,dc=example
ldap_id_use_start_tls = true
ldap_tls_reqcert = demand
ldap_tls_cacert = /etc/ssl/certs/ca-certificates.crt
cache_credentials = true
min_id = 10000
access_provider = simple
simple_allow_groups = oluko, akeko
```

Lẹ́yìn náà:

```
chown root:root /etc/sssd/sssd.conf
chmod 600 /etc/sssd/sssd.conf
sssctl config-check
pam-auth-update --enable mkhomedir
systemctl restart sssd
```

Bí ẹlòmíràn bá lè ka fáìlì yẹn, SSSD lórí Debian 12 yóò kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀. Bí `systemctl --failed` bá sì fi `sssd-nss.socket` hàn yín, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé systemd náà fẹ́ jí NSS ti SSSD, ìlà `services` yín náà sì ti jí i. Ẹ yan ọ̀kan: ẹ pa ìlà `services` rẹ́, tàbí ẹ pa socket náà.

SSSD kò ní fi ọ̀rọ̀ aṣínà ránṣẹ́ lórí ọ̀nà tí kò ní ààbò TLS, tó ń sọ ọ̀rọ̀ di àdììtú lójú ọ̀nà. Ẹ má wá ọgbọ́n tí ẹ ó fi yí i lórí, ẹ má sì sọ `demand` di `never`. Ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn ọmọ ọlọ́mọ ni. Bí ẹ̀yin fúnra yín lẹ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí sáfà, ẹ fi ìwé ẹ̀rí àgbà, tí orúkọ rẹ̀ parí sí `.crt`, sínú `/usr/local/share/ca-certificates/`, kí ẹ tẹ `update-ca-certificates`. Ìdí nìyí tí mo fi ka `ca-certificates` mọ́ ohun tí ìwọlé gbára lé. Aago náà wà lára rẹ̀: kọ̀ǹpútà tí bátìrì inú rẹ̀ ti kú, tó jí tó sì rò pé ọdún 2010 ni, yóò sọ pé ìwé ẹ̀rí yín kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ `min_id`: Debian ń fún òǹlò tí ẹ bá ṣẹ̀dá lórí kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà láti 1000 lọ sókè, ó sì ń fún àwọn ètò ní 100 sí 999. Ẹ jẹ́ kí ti LDAP bẹ̀rẹ̀ lókè réré. Ó kan package pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀pọ̀ package ló ń ṣẹ̀dá òǹlò tirẹ̀ nígbà tó bá ń wọlé, `adduser` sì máa ń kọ́kọ́ bi NSS léèrè bóyá orúkọ náà ti wà. Bí NSS bá dúró de sáfà tí kò dáhùn, apt náà á dúró, ẹ̀yin á sì máa rò pé apt ló bàjẹ́. Àwọn tó ń lo nslcd lè fi `nss_initgroups_ignoreusers ALLLOCAL` sínú `/etc/nslcd.conf`, kó má baà máa wá ẹgbẹ́ àwọn òǹlò abẹ́lé lọ sórí sáfà.

Ẹ dán an wò láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹ má fo ìpele kankan:

```
ldapsearch -x -ZZ -H ldap://ldap.ileeko.example \
  -b dc=ileeko,dc=example '(uid=adunni)'
getent passwd adunni
id adunni
su - adunni
```

Ẹ tẹ `su` yẹn láti inú orúkọ tí kì í ṣe root, nítorí pé PAM kì í béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ root. Bí ti àkọ́kọ́ bá kùnà, ẹ má fọwọ́ kan PAM. Sáfà, ìwé ẹ̀rí tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé `ldapsearch` ń ka ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ láti inú `/etc/ldap/ldap.conf`. Bí `getent` bá dákẹ́ nígbà tí `ldapsearch` sọ̀rọ̀, ẹ wo `libnss-sss` àti `nsswitch.conf`. Bí `id` bá mú orúkọ wá láìmú ẹgbẹ́ wá, ó ṣeé ṣe kí sáfà yín máa fi `member` kọ ẹgbẹ́ dípò `memberUid`; ẹ fi `ldap_schema = rfc2307bis` kún ìṣètò. Bí `su` nìkan bá kùnà, `libpam-sss` tàbí `access_provider` ni. Ẹ má sì bẹ̀rù bí `getent passwd` láìsí orúkọ kò bá ka àwọn ará LDAP jáde; bẹ́ẹ̀ ni SSSD ṣe ń ṣe títí ẹ ó fi sọ fún un kó máa kà wọ́n.

Nígbà tí ẹ̀dà bá ń yí padà

Àwọn package SSSD so mọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí: `sssd-ldap` ń béèrè fún `sssd-common` tó jẹ́ ẹ̀dà kan náà gan-an. Ìdí nìyí tí dídì ọ̀kan ṣoṣo mú pẹ̀lú `apt-mark hold` fi ń bí ọ̀rọ̀ `unmet dependencies`. Ẹ di gbogbo wọn mú papọ̀, tàbí ẹ fi gbogbo wọn sílẹ̀. Èmi kì í dì wọ́n mú ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Package tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni, àtúnṣe ààbò rẹ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́. Kọ̀ǹpútà kan nígun yàrá ló ń kọ́kọ́ gbà á lọ́jọ́ Ẹtì. Bí ó bá ṣì ń wọlé dáadáa lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwọn yòókù á gbà á.

Àkójọ kóòdù LDAP fúnra rẹ̀ máa ń yí orúkọ padà: `libldap-2.4-2` ló ń jẹ́ nínú Debian 11, `libldap-2.5-0` nínú Debian 12, `libldap2` nínú Debian 13. Ètò tí ẹ fúnra yín kọ́ láti inú kóòdù, tó ń wá orúkọ àtijọ́, kò ní rí i mọ́. Ẹ má so fáìlì tuntun mọ́ orúkọ àtijọ́ pẹ̀lú `ln -s`. Ẹ tún ètò náà kọ́. Ohun mìíràn tó yí padà ni pé libldap ti Debian 12 ń lo GnuTLS fún TLS, ti Debian 13 sì ń lo OpenSSL. Ẹni tó bá ti kọ `TLS_CIPHER_SUITE` ní ọ̀nà ti GnuTLS sínú `/etc/ldap/ldap.conf` gbọ́dọ̀ yọ ọ́ tàbí kó tún un kọ ṣáájú.

Bí ẹ bá ní ètò 32-bit lórí kọ̀ǹpútà 64-bit, ẹ fi `libnss-sss:i386` kún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ètò náà kò ní rí orúkọ àwọn ará LDAP.

Ní ìdílé Red Hat

RHEL (Red Hat Enterprise Linux) 8, tó jáde ní ọdún 2019, yọ nss-pam-ldapd kúrò, nítorí náà ìpinnu ti rọrùn: SSSD ni. `authselect`, tó ń ṣètò PAM àti NSS, sì rọ́pò `authconfig`; `dnf` ló wà nípò apt níbẹ̀.

```
dnf install --assumeno sssd-ldap sssd-tools oddjob-mkhomedir authselect
dnf repoquery --requires --resolve sssd-ldap
dnf install sssd-ldap sssd-tools oddjob-mkhomedir authselect
authselect select sssd with-mkhomedir --backup=saaju-sssd
systemctl enable --now sssd oddjobd
```

`--assumeno` ni ìwo-kí-o-tó-ṣe tiwọn. Bí `authselect` bá kọ̀ nítorí pé ẹnì kan ti fọwọ́ ṣàtúnṣe àwọn fáìlì náà, ẹ kà wọ́n kí ẹ tó fi `--force` kún un. `--backup` yẹn ń pa ìṣètò àtijọ́ mọ́. `authselect backup-restore saaju-sssd` ló ń dá a padà. Ohun kan tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ tí apt ti Debian 12 kò ní ni `dnf history undo last`, tó ń yí iṣẹ́ tó kẹ́yìn padà ní odindi. Lórí Debian, `/var/log/apt/history.log` ni ẹ ó kà, ẹ ó sì fi ọwọ́ dá a padà.

Ìdánwò tó kẹ́yìn

Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kan wọlé, kó jáde. Ẹ yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà náà. Ẹ jẹ́ kó tún wọlé: ó gbọ́dọ̀ ṣeé ṣe, láti inú ìpamọ́. Ẹ fi orúkọ tó wà nínú `/etc/passwd` wọlé pẹ̀lú, kí ẹ sì tẹ `sudo -v`; kò gbọdọ̀ pẹ́. Ẹ tún kọ̀ǹpútà náà tan bí wáyà ṣe wà níta, kí ẹ wò ó bóyá yóò jí dé ojú ìwọlé láìdúró. Ẹ dá wáyà padà, ẹ tẹ `apt-get -s autoremove`, kí ẹ rí i pé kò sí orúkọ kankan tó ní `sss` nínú àwọn tó fẹ́ kó lọ.

Ní báyìí, ẹ lè ti tẹ́mínà àkọ́kọ́ yẹn.